Lítà 70 Lẹ́yìn Oníbáàgì

Kò tíì sí ìgbín tó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ rí, tó ní kí wọ́n bá òun gbé ìkarahun tó tóbi jù lọ wá torí pé ẹnìkan kì í mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́nà. Bí ẹ̀yìn ìgbín ti rí ni ìkarahun rẹ̀ rí. Ọmọ ènìyàn nìkan ló ń wọn gbogbo ẹrù tó fẹ́ gbé, tí kò ní rántí wọn ẹ̀yìn tó máa gbé e.

Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tọ́rọ̀ yìí kàn ní Oníbáàgì. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ márùn-ún péré ló fẹ́ lò níbi tó ń lọ, báàgì àgbékọ́ lítà 70 ló rà. Lítà ni wọ́n fi ń díwọ̀n àyè inú báàgì, àfi bí ẹni ń pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì. Lítà 20 sí 30 tó ẹni tó ń jáde láàárọ̀ tó ń padà lálẹ́. Lítà 35 sí 45 tó fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì tó fún oṣù kan fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò kọ aṣọ fífọ̀. Láti 60 sókè, ti àwọn tó ń gbé àgọ́, ibùsùn àti ìkòkò wọ inú igbó ni. Oníbáàgì kò ní àgọ́. Hòtẹ́ẹ̀lì ló ń lọ.

"Kó ṣẹ́ kù sàn ju kó má tó lọ," ló wí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ àyè inú báàgì kì í ṣẹ́ kù. Nígbà tí ẹrù ọjọ́ márùn-ún wọlé tán tí báàgì ṣì ń yanu, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti Oníbáàgì bí ẹni tí kò bọ́ àlejò yó. Jíìnsì kẹta wọlé. Bàtà kejì wọlé, ìkẹta tẹ̀ lé e. Aṣọ ìnura ńlá wọlé, bí ẹni pé hòtẹ́ẹ̀lì ò ní tiwọn. Nígbà tó wá ku ihò kékeré kan lápá òsì, ó wo yàrá yíká, ó gbé áyọ́ọ̀nù sí i.

"Bóyá aṣọ á rún."

Áyọ́ọ̀nù o, ẹ̀yin èèyàn.

Gbogbo ẹrù náà tẹ̀wọ̀n kílò 17. Báàgì náà lófìfo, kí ẹnikẹ́ni tó ju abẹ́rẹ́ sínú rẹ̀, ti tó kílò 2, torí pé irú rẹ̀ ní ọ̀pá lẹ́yìn àti tìmùtìmù níbàdí. Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rin òkè àti igbó ní òté kan: ẹrù ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ẹni tó gbé e. Oníbáàgì fúnra rẹ̀ jẹ́ kílò 68. Kílò 13 àti ààbọ̀ ni ó yẹ kó jẹ́ òpin rẹ̀, ìyẹn fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ẹsẹ̀ Oníbáàgì kò mọ nǹkan kan lára.

Síbẹ̀ ìwúwo kọ́ ló kọ́kọ́ dójú tì í. Ìwọ̀n gígùn ẹ̀yìn ni. Nítorí pé ó ga, ẹni tó tajà fún un gbé báàgì àwọn tó ga gọgọrọ fún un, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. A kì í fi gíga mú báàgì. Ẹsẹ̀ lè mú kéèyàn ga, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì kúrú. Ẹ̀yìn yìí ni wọ́n ń wọ̀n, téèpù télọ̀ ló sì ń ṣe é. Tẹ orí síwájú, egungun kan á yọ síta níbi tí ọrùn ti pàdé èjìká. Orí egungun yẹn ni téèpù ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú bí ìyá tó fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ wí, kí ọwọ́ wà lórí góńgó egungun ìbàdí, kí àtàǹpàkò kọjú sẹ́yìn. Ibi tí ìlà àárín àtàǹpàkò méjèèjì bá ti gé ọ̀pá ẹ̀yìn ni téèpù parí sí. Ẹlòmíì ni kó di téèpù mú o, torí ẹni tó bá ń wọn ẹ̀yìn ara rẹ̀, apá ni yóò fi dá. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wà láàárín 40 sí 55 sẹ̀ǹtímítà. Ká ní wọ́n wọn Oníbáàgì ni, 44 ni wọn ì bá rí. Ẹni 52 ni wọ́n ṣe báàgì tó gbé fún.

Sẹ̀ǹtímítà 8 kéré lójú, kò kéré lẹ́yìn. Báàgì irú èyí ní ìgbànú fífẹ̀, orí egungun ìbàdí sì ni ìgbànú náà gbọ́dọ̀ jókòó lé, torí pé ìbàdí ló yẹ kó gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo. Ẹni tó bá ti pọn ọmọ rí mọ èyí láì kàwé: èjìká kọ́ ló ń gbé ọmọ. Ti Oníbáàgì yọ̀ wálẹ̀ kọjá ìbàdí, ó jókòó sórí ìdí rẹ̀, ó sì ń gbá a ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbá, gbá, gbá, bí olùkọ́ tó ń lé ọmọ tó pẹ́ dé iléèwé.

Ó tún ṣi okùn fà. Okùn èjìká ló kọ́kọ́ fà pinpin, ìgbànú ló wá dì gbẹ̀yìn, èjìká sì ti gba gbogbo ẹrù kí ìbàdí tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òdì ni. Gbogbo okùn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tú. Báàgì á gun ẹ̀yìn, wọ́n á sọ ìgbànú mọ́ orí egungun ìbàdí, wọ́n á fà á kó le. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fa okùn èjìká, kó kan fara mọ́ ara ni, kó má fún un. Okùn kékeré méjì wà lókè èjìká tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn ló ń fa orí báàgì súnmọ́ ẹ̀yìn kó má fa èèyàn sẹ́yìn. Okùn àyà ló kẹ́yìn. Ó ní ìdè oníke kékeré kan níwájú. Ẹ fi ìdè yìí sọ́kàn.

Àwọn bàtà ńkọ́? Àpò ìta ló kó wọn sí, níbi tó jìnnà sí ẹ̀yìn jù lọ. Ohun tó wúwo, àárín báàgì, lẹ́bàá ẹ̀yìn gan-an ni àyè rẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á wà nísàlẹ̀ àti níta. Ẹni tó bá ṣe é ní ìdàkejì, ẹrù á máa fà á sẹ́yìn, òun náà á máa tẹ̀ síwájú kó má bàa ṣubú. Oníbáàgì tẹ̀ títí, àwọn èèyàn rò pé owó rẹ̀ ló jábọ́ tó ń wá a.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ bọ́ọ̀sì pápákọ̀ òfurufú. Báàgì lítà 70 kò lójú lẹ́yìn, ó sì yọ jáde lẹ́yìn ẹni tó gbé e bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó yíjú wo ibi tó lè jókòó, báàgì gbá bàbá kan létí.

"Ẹ má bínú, sà!" Ó yára yípo láti bẹ bàbá, báàgì gba fìlà lórí ẹni tó wà ní ìdàkejì. Ó yípo láti bẹ ìyẹn náà.

"Ọ̀gá," ni bàbá àkọ́kọ́ wí, ọwọ́ rẹ̀ lórí etí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀ wá mọ́."

(Nínú ọkọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé báàgì, wọ́n á gbé e síwájú ẹsẹ̀. Ìdí tí báàgì gidi fi ní ìmú lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìyẹn.)

Ní ibi ẹ̀rọ àyẹ̀wò, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù jáde, wọ́n wò ó, wọ́n wo Oníbáàgì, wọ́n dá a padà fún un láìsọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀nà bàálù ni ọ̀rọ̀ ti wá di ariwo. Àpótí onírin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn báàgì. Ilé iṣẹ́ bàálù kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, àmọ́ èyí tó wọ́pọ̀ ni 55 sẹ̀ǹtímítà lóòró, 40 níbùú, 20 nínípọn. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, ó di lítà 44. Báàgì lítà 70 tó bá gba inú rẹ̀, iṣẹ́ oṣó ni. Wọ́n tún máa ń fi òpin sí ìwúwo rẹ̀, kílò 7 tàbí 10. Níbi tó bá jẹ́ 7, báàgì tó jẹ́ kílò 2 lófìfo ti jẹ ju ìdámẹ́rin lọ kí aṣọ tó wọlé.

Oníbáàgì tì í. Ó fi orúnkún tì í.

"Sà, kò lè wọlé."

"Ó ti ń wọlé, mà. Ẹ̀ ń wò ó."

"Abẹ́ bàálù ló ń lọ. Ṣé páwà báǹkì wà níbẹ̀? Ẹ bá wa yọ ọ́."

Wọn kì í gba páwà báǹkì láyè lábẹ́ bàálù. Bí bátìrì rẹ̀ bá gbiná lókè lọ́dọ̀ èrò, ẹnìkan á rí i, á sì pa á; nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dé ibẹ̀. Ti Oníbáàgì kò ní wàhálà lára: 20,000 mAh (iye iná tó ń gbà) ló wà lára rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 3.7, ìyẹn fóltéèjì bátìrì rẹ̀, ẹ pín in sí 1,000, ó di 74 Wh (wáàtì-wákàtí), kò tó 100 tí òfin fi ààlà sí. Ibi tó wà ni wàhálà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, báàgì náà sì jẹ́ ẹlẹ́nu òkè, ẹnu kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi okùn fún. Kànga ni irú báàgì bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ti dé ìsàlẹ̀, gbogbo èrò òkè ló gbọ́dọ̀ jáde kó tó jáde.

Wọ́n jáde. Jíìnsì kìíní, ìkejì, ìkẹta. Aṣọ ìnura. Áyọ́ọ̀nù. Pátá mẹ́sàn-án fún ọjọ́ márùn-ún, ọ̀kan ní àwòrán ẹja lára. Èrò ń yẹjú sápá kan, wọ́n ń díbọ́n pé àwọn ò rí i. Ọmọ kékeré kan wá jókòó ti báàgì, ó mú ìdè oníke okùn àyà, ó wò ó fínnífínní, ó kì í bọnu.

Fíììììì!

Fèrè ni. Lára ọ̀pọ̀ báàgì, wọ́n máa ń ṣe fèrè mọ́ ìdè yẹn kí ẹni tó ṣìnà nínú igbó lè fi ké sí èèyàn. Oṣù mẹ́ta ni Oníbáàgì ti ní in nílé, kò mọ̀. Àwọn tí kò tíì wò tẹ́lẹ̀ wá wò. Pátá ẹlẹ́ja wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Báàgì sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ bàálù pẹ̀lú gbogbo okùn rẹ̀ ní títú, ó sì dé pẹ̀lú okùn èjìká kan ní jíjá. Ẹ̀rọ tó ń fa ẹrù ló gbé e há. Ká ní ó yí ìgbànú ìbàdí sẹ́yìn, kó fi gbá báàgì mọ́ra kó sì so ó, kó wá fa àwọn okùn yòókù wọlé ni, ì bá má rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó padà délé, ó mú téèpù lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lítà 38 ló mú, ẹ̀yìn 44, èyí tó ń ṣí gbayawu bí àpótí aṣọ tí sípì rẹ̀ yí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ká. Ó yí irin sípì wo ẹ̀yìn: nọ́ńbà 10 ló wà níbẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá fífẹ̀ eyín rẹ̀ mu ní mìlímítà, ti nọ́ńbà 3, àpò owó ló bá mu. Ó ní kí wọ́n kó kílò 8 sínú rẹ̀ fún òun, ó sì fi rìn nínú ṣọ́ọ̀bù fún ogún ìṣẹ́jú, ó gun àtẹ̀gùn, ó sọ̀kalẹ̀, ẹni tó ń tajà ń wò ó bí olè. Ó tilẹ̀ fọn fèrè wò.

Nílé, ó kó ẹrù ọjọ́ márùn-ún sínú rẹ̀. Ó gba gbogbo rẹ̀, sípì pa dé láìjà. Oníbáàgì rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ tẹ báàgì lápá òsì, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún un tẹ̀.

"Àyè díẹ̀ ṣì kù níbí o," ló wí, ó sì ń wo áyọ́ọ̀nù.