Jíà Kẹfà

Sátidé, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá.

Ẹsẹ̀ òsì mi tún wá jíà kẹfà lónìí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Ìgèdè, ọ̀nà tẹ́jú, mo ti wà ní jíà karùn-ún, ẹ́ńjìnì ń kùn lábẹ́ wa, ni ẹsẹ̀ mi bá fúnra rẹ̀ tún gbé jíà sókè, bí ẹni tí ó jí lóru tí ó na ọwọ́ sí ibi tí ife omi máa ń wà tí kò bá a níbẹ̀. Kò sí jíà kẹfà lára alùpùpù mi. Karùn-ún ni ó gbẹ̀yìn. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń gùn ún, ẹsẹ̀ mi kò tíì gbà bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti jẹ́ kí n sùn dáadáa. Yamaha FJR1300 ni tèmi, ọdún 2006 ni wọ́n ṣe é, tòkunbọ̀ ni mo rà á. Ọkùnrin kan ní Àkúrẹ́ wá ní irú rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ti 2016, ó sì fẹ́ tà á. Ọdún 2016 yẹn ni wọ́n fi jíà kẹfà kún un. Fọ́tò tí ó fi ránṣẹ́ sí mi pọ̀ débi pé mo ti mọ gbogbo ibi tí ara ọkọ̀ náà ti ha kí n tó fojú kàn án.

Bí mo bá dúró ní Ìjigbò, àwọn ọlọ́kadà á yí mi ká. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè ni bí ó ṣe ń jẹ epo sí. Ó yẹ kí wọ́n béèrè: ẹ́ńjìnì 1298 cc ni, sílíńdà mẹ́rin, nígbà tí ọ̀pọ̀ Bajaj tí wọ́n fi ń gbé èrò kò ju 100 cc lọ. Ẹni tí ó fẹ́ sáré, tí ó sì tún fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn láìjẹ́ pé ẹ̀yìn ń ro ó, ni wọ́n ṣe irú ọkọ̀ yìí fún. Ó ní àpótí ẹrù méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní gíláàsì iwájú tí èèyàn ń fi bọ́tìnì gbé sókè bí òjò bá ń bọ̀, táńkì rẹ̀ sì gba lítà 25. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà kan kò tíì tó 200 náírà, mo kàn máa ń ní kí wọ́n kún un ni. Láti ìgbà náà, mo ń ka owó ọwọ́ mi kí n tó dárúkọ iye lítà.

Lọ́jọ́bọ̀, mo wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Àkúrẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi tèmi sílẹ̀ nílé, kí n má baà dúró láàárín àwọn méjèèjì kí ojú mi sì sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi fún ẹni tí ń tajà. Ọkùnrin náà ṣèèyàn. Ó ní kí n gùn ún dé Ìkẹ́rẹ́ kí n sì padà, ó ní ọkàn òun balẹ̀, ìrísí mi kò jọ ti olè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ọkọ̀ náà dára. Mo di kílọ́ọ̀ṣì mú, ó rọ̀ lọ́wọ́ débi pé mo rò pé nǹkan ti já nínú rẹ̀. Oríkèé ọwọ́ òsì mi ti ń dùn mí láti ọdún tó kọjá, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ó fà á, bí mo bá sì wà nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ fún ìdajì wákàtí lórí tèmi, n kò ní lè di síbí mú lálẹ́. Ọ̀tọ̀ ni èyí. Nígbà tí mo ti fi ìlú sílẹ̀, tí ọ̀nà là níwájú mi, mo gbé jíà: ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún. Mo tún gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó wọlé. Ohùn ẹ́ńjìnì rẹlẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tí ń pariwo bá rántí pé ọmọ ń sùn. Mo kígbe nínú akoto. Òkè Olósùnta yọ níwájú mi, òkúta dúdú ńlá yẹn, mo sì kígbe lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà tí mo fẹ́ wọ Ìkẹ́rẹ́ ni nǹkan kejì ṣẹlẹ̀, èyí sì wọ̀ mí lára ju jíà lọ. Iyanrìn bo etí ọ̀nà. Epo tí mo fún un nígbà tí mo ń yí padà pọ̀ jù díẹ̀, mo sì gbọ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe fa ọwọ́ sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Iná kékeré kan tàn pẹ́rẹ́, ó kú. Traction control nìyẹn. Bí táyà ẹ̀yìn bá fẹ́ máa yí lásán láìdi ilẹ̀ mú, ẹ̀rọ náà á dín agbára ẹ́ńjìnì kù kí èèyàn tó mọ̀ pé ewu dé. Láti 2013 ni ó ti wà lára wọn. Tèmi ní ABS tí kì í jẹ́ kí táyà há bí mo bá tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n kò ní èyí.

Mo dúró síbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún. Ohun tí mo rí lójú mi ni òkè Ẹ̀fọ̀n lọ́dún tó kọjá. Òjò ti rọ̀. Ọkọ̀ àjàgbé kan ti da epo sílẹ̀ ní kọ́nà, n kò rí i. Bí mo ṣe ń gùn jáde kúrò nínú kọ́nà náà ni ìdí ọkọ̀ yọ lọ sí apá ọ̀tún, ó padà, ó tún yọ. Ìyàwó mi wà lẹ́yìn mi. Kò kígbe, ó kàn pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orúkọ àbísọ mi tí kì í pè láti ìgbà tí a ti bí àkọ́bí wa. A kò ṣubú. N kò mọ ohun tí mo ṣe tí a kò fi ṣubú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ara mi pé bí mo bá rí ohunkóhun tí kò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́, màá rà á, iye yòówù kí ó jẹ́.

Iye náà kò kéré. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tíì pé 500 náírà ní báǹkì; nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá 1,500. Ohun gbogbo tí ó bá gba orí òkun wá ló tẹ̀ lé e. Owó tí ọkùnrin yìí ń pè lè ra ẹ̀rọ ìgéwèé tí mo ti ń wá fún ṣọ́ọ̀bù láti ọdún mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ bá bàbá mẹkáníìkì ní Ajílósùn. Ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán. Ó wá nu ọwọ́.

“Atẹ̀wé, ìgbà wo la wọn fáàfù ọkọ̀ yín gbẹ̀yìn?”

Mo ní n kò rántí.

“Ẹ kò lè rántí, torí a kò wọ̀n ọ́n rí.”

Fáàfù ni àwọn irin kékeré tí ń ṣí tí ń pa nínú ẹ́ńjìnì; kìlómítà 42,000 ni ìwé ọkọ̀ ní kí a máa yẹ àlàfo wọn wò. Tèmi ti kọjá 78,000. Ó tún bi mí nígbà wo ni mo pààrọ̀ omi kílọ́ọ̀ṣì. N kò fèsì. Ó ní omi tó ti dúdú bẹ́ẹ̀ yóò mú kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni dun ún. Ó wá fi kún un pé lára ti 2016, kọ̀ǹpútà ni ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ epo kí ó tó dé ẹ́ńjìnì, ó ní bí ó bá daṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀mùò, ta ni mo fẹ́ pè? Ibí yìí ni n kò ti gbà pẹ̀lú rẹ̀ tán. Kọ̀ǹpútà wà lára tèmi náà, òun ni ó ń wọn epo sí ẹ́ńjìnì, kò sì tíì já mi kulẹ̀ ní ọdún méjìlá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fáàfù yẹn bà mí nínú jẹ́ gidigidi. Mo ti ń wá ọkọ̀ mìíràn nígbà tí n kò tíì tọ́jú èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi bí ó ṣe tọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn ní kí n gbàgbé méjèèjì, kí n wá Tracer 9 GT ti 2021, alùpùpù Yamaha mìíràn. Ó fúyẹ́, bíi kílò 220, nígbà tí tèmi ju 280 lọ bí epo bá kún inú rẹ̀. Ẹ́ńjìnì 890 cc, sílíńdà mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ó dára. Ṣùgbọ́n ṣéènì ló ń yí táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gun ọkọ̀ ní ọ̀nà oko wa lóṣù Kejì, tí eruku pupa ti bo ṣéènì tí òróró wà lára rẹ̀, á mọ ìdí tí n kò fi dá a lóhùn. Ṣáàfù, ọ̀pá irin tí ń yí táyà, ló wà lára FJR, inú irin ló wà, eruku kò rí i. Kí n kàn máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ni.

Ìyàwó mi ló yanjú ọ̀rọ̀ jíà. Lálẹ́ àná, ó ní, “Dádì, láti ọjọ́bọ̀ lẹ ti ń pe jíà kẹfà. Ojú ọ̀nà wo lẹ fẹ́ ti lò ó?” Mo ní ká lọ wò ó. Bí a ṣe pinnu ìrìn òní nìyẹn: Adó, Ìyìn, Ìgèdè, Arámọkọ, Ẹ̀fọ̀n, ká sì padà. Nígbàkígbà tí mo bá ti bọ́ sí jíà karùn-ún, màá gbé ìgbọ̀nwọ́ òsì díẹ̀, òun á kà á.

Ẹ̀ẹ̀meje ni, àlọ àti àbọ̀. Èyí tí ó pẹ́ jù kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ohun tí ó kù jẹ́ bọ́ǹpù ní ẹnu ìlú kọ̀ọ̀kan, ewúrẹ́, àwọn ọlọ́pàá, kòtò, kòkó tí wọ́n sá sí etí ọ̀dà. Jíà kẹta ni mo fi rin èyí tó pọ̀ jù, tayọ̀tayọ̀ sì ni, nítorí kọ́nà ni adùn ọ̀nà wa. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni jíà kẹfà ti wúlò, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń gba ibẹ̀.

Iná LED tí ọkùnrin Àkúrẹ́ fi ń yangàn ńkọ́? Láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2024, tí wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì yìí, tí wọ́n sì jí àwọn ọmọ iléèwé gbé lọ́jọ́ kan náà, n kì í jẹ́ kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá mi lójú pópó mọ́. Nígbà kan rí, mo fẹ́ràn láti máa gun ọkọ̀ bọ̀ wálé lálẹ́, tí atẹ́gùn tútù ń bọ̀ láti orí òkè. Ó ń dùn mí pé ó ti dópin. Ṣùgbọ́n kí ni màá fi iná tuntun ṣe?

Ó wá ku traction control nìkan, n kò sì rí èsì fún un. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń rò ó nígbà tí a dé Ẹ̀fọ̀n. Ìyàwó mi wọ ilé oúnjẹ lọ béèrè iyán, èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, n kò mọ ohun tí mo ń wá. Ojú táyà náà ṣì jìn dáadáa. Mo wá rí nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 2318. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún, ọdún 2018. Mo fi èékánná tẹ rọ́bà náà, kò tẹ̀. Ó ti gan. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo rà á ní tuntun, n kò sì wo nọ́ńbà yẹn rí títí di òní.

Epo ni mo ti ń dá lẹ́bi fún kọ́nà Ẹ̀fọ̀n láti ọdún tó kọjá. Òótọ́ ni pé epo wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó ti gan bí èèpo igi ni mo gbé ìyá àwọn ọmọ mi lé, nínú òjò. Agbára ẹ́ńjìnì nìkan ni traction control lè dín kù. Kò lè sọ táyà líle di rírọ̀. Bí mo bá ra ti 2016 tí n kò sì wo nọ́ńbà táyà rẹ̀, ibi kan náà ni màá padà sí. N kò tilẹ̀ wò ó lọ́jọ́bọ̀. Jíà ni mo ń wò.

Mo sọ fún ìyàwó mi nídìí iyán. Ó gbọ́ ọ tán, kò bínú, ó kàn ní, “Ẹ jẹ́ ká rọra máa lọ sílé.” A rọra.

Mo pe Àkúrẹ́ ní aago mẹ́jọ. Mo ní kí ó má dúró dè mí. Ó ní ẹnìkan ń bọ̀ láti Òǹdó lọ́jọ́ Ajé. Àyà mi já díẹ̀ nígbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀, n kò ní purọ́.

Lẹ́yìn náà, mo pe bàbá mẹkáníìkì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni màá gbé e dé: fáàfù, omi kílọ́ọ̀ṣì, síprín ẹ̀yìn tí ó ti sọ̀. Títí dìgbà náà, kò ní kúrò nínú gáréèjì. Táyà méjèèjì ni kí ó bá mi wá láti Èkó, ìwọ̀n 120/70-17 fún iwájú, 180/55-17 fún ẹ̀yìn, kí ó sì ya fọ́tò nọ́ńbà mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ wọn sí mi kí n tó fowó ránṣẹ́.