Wọ́n ní omi ò lọ́tàá, ẹ bi òkúta léèrè

Ẹ̀yin tèmi, ó tójọ́ mẹ́ta, iṣẹ́ borehole ò jẹ́ n ráyè. Ẹni tó bá ti wa omi ní Ìjẹ̀bú-Òde tó tún wa omi ní Àgọ́-Ìwòyè á mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ni, yanrìn ló wà ní Òde, ẹ ṣáà máa lu ilẹ̀ lọ ẹ máa kan omi, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti gba apá Àgọ́ àti Ìjẹ̀bú-Igbó, òkúta paraku ni, tẹ́ ò bá ríbi tó ti sán, dísẹ̀lì yín ti ṣòfò nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a wà ní Àgọ́, ẹ̀rọ ń lu, eruku ń tú jáde gbuu, mo bu díẹ̀ sátẹ́lẹwọ́, ó ń dán yinrinyinrin. Mámà tó ni ilé fò dìde lórí àga, "Góòlù ni?" Mo ní rárá o mà, mica ni, èròjà inú òkúta tó máa ń dán, omi ló sọ òkúta dà báyìí. Wọ́n wojú mi, "Omi wo? Èyí tẹ́ ẹ ò tíì rí yẹn?"

Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ. Láyé ọjọ́un, bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkúta yìí wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ó gbóná, apá kan ń lọ síwájú, apá kejì ń fà sẹ́yìn. Ojú kan tóóró ló máa ń gbé gbogbo ìyà yẹn, òun ni wọ́n ń pè ní shear zone. Kí ló dé tó jẹ́ ojú ibẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, omi ló ti gba ojú sísán wọlé síbẹ̀ ṣáájú.

Ẹ má wá fi wé gààrí Ìjẹ̀bú tá a bu omi sí o. Gààrí á mu àmuyó kó tó rọ̀, àmọ́ omi tó ń ba quartz (èròjà líle kan nínú òkúta) jẹ́ kéré débi pé tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ ẹ ò ní rí ọ̀rinrin kankan. Silicon àti oxygen ló di ara wọn mú nínú ẹ̀, hydrogen inú omi á wọ àárín wọn á já ọwọ́ wọn, tí ooru bá wá mú un, quartz tó le koko yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bí ìda inú oòrùn, kò ní fọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Griggs àti Blacic, ló kọ ọ́ síta ní 1965. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa, mi ò gbà gbọ́ rárá.

Feldspar, èròjà míì nínú òkúta, tún wá burú jùyẹn lọ, ṣe ni omi máa ń sọ òun di mica, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bíi káàdì tí wọ́n ń ta, tí wọ́n á máa yọ̀ lórí ara wọn. Lẹ́bàá Bergen ní Norway, òkúta gbígbẹ kan wà tó re ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ kìlómítà, kò tẹ̀, ṣe ló sán, ibi tí omi gba ojú sísán yẹn wọ̀ ló yí padà tó sì tẹ̀. Ti omi tó há sínú òkúta tó wá ń tì í padà, bí omi títì Ṣàgámù ṣe máa ń gbé táyà lásìkò òjò, ìyẹn dọjọ́ míì.

Ohun tó bí mi nínú ni pé mica yẹn gan-an ló ń pa wá lára, ó máa ń jẹrà di amọ̀, amọ̀ á sì dí ojú omi. Kò sómi lóòótọ́. A sún ẹ̀rọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti rí quartz funfun tó tò lọ gbọọrọ nílẹ̀, ibẹ̀ la ti kan án.

Mo ní kí Mámà fún wa lówó dísẹ̀lì ihò àkọ́kọ́. Wọ́n ní ṣebí mo lómi ti wà ńbẹ̀ látayé Nóà, kí n lọ gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ Nóà.