Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ ń gun òpó rédíò, ẹ gbọ́ o

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ rédíò dátà, èyí tó ń gbé ìròyìn láti ojú kànga àti táǹkì omi wá sí kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì, ohun témi ti rí ni pé rédíò fúnra ẹ̀ kì í sábà jẹ̀bi, àwọn nǹkan tá a so mọ́ ọn ló ń dà wá láàmú.

Ẹ wo IP67 tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Ó ń sọ pé tẹ́ ẹ bá rì í sínú omi tó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30, omi ò ní wọlé. Àpótí nìkan lọ̀rọ̀ yẹn kàn o! Kò kan kọnẹ́tọ̀ tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín dè sídìí áńtẹ́nà, ibẹ̀ gan-an lomi sì ń gbà wọlé, á máa rìn nínú kébù díẹ̀díẹ̀, síginà á máa rẹlẹ̀, ọ̀gá á ní rédíò ti bàjẹ́, wọ́n á ra tuntun, tuntun náà á tún bẹ̀rẹ̀ ìranù kan náà. Téèpù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fà á kó nà dáadáa, kẹ́ ẹ wé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí ti òkè lè bo ti ìsàlẹ̀ bíi páànù orí ilé, kẹ́ ẹ wá fi téèpù dúdú bò ó torí oòrùn. Kí kébù náà rọ̀ wá sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ àpótí, kí omi lè kán dànù níbẹ̀.

Kébù tín-ín-rín bíi RG58 ńkọ́? Lórí 2.4 GHz (ìyẹn ìlà ìgbì tí rédíò fi ń sọ̀rọ̀) ó ń jẹ bíi 1 dB ní mítà kọ̀ọ̀kan (dB la fi ń wọn bí agbára síginà ṣe dín kù tàbí pọ̀ tó), tó bá gùn tó mítà 10, ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára yín ló máa dé áńtẹ́nà. LMR-400, kébù tó nípọn jù ú lọ, tó gùn bẹ́ẹ̀ ò jẹ ju 2 dB àti díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní ó ti wọ́n jù, kó gbé rédíò lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ áńtẹ́nà, ṣebí torí ẹ̀ náà la ṣe ra èyí tó lè gba òjò.

Ojú yín rí òpó kejì tẹ́ ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ ní ó ti parí, àbí? Rárá jàre. Ìgbì rédíò máa ń fẹ̀ láàárín ọ̀nà. Tó bá jẹ́ kìlómítà 10 lórí 2.4 GHz, ó yẹ kí ààyè bíi mítà 11 ṣófo láàárín ìlà ojú yín àti orí igi. Igi tíìkì ló máa ń tan èèyàn jù: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ti wọ́wé, síginà á dáa gan-an, ẹ jẹ́ kójò dé kó rúwé, ẹ ó rí i. Torí ẹ̀ lèmi ṣe máa ń fẹ́ kí síginà fi bíi 20 dB ju èyí tó kéré jù tí rédíò lè gbọ́.

Ẹ sì ṣọ́ra fún rédíò Amẹ́ríkà tó ń lo 902 sí 928 MHz. Ọ̀fẹ́ ni lọ́hùn-ún, àmọ́ ní Nàìjíríà níbí 890 sí 915 ni fóònù GSM fi ń bá másìtì sọ̀rọ̀, ẹ ó máa dí wọn lọ́wọ́, àwọn náà á máa dí yín, ká má tíì dárúkọ NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀.

Baud rate (bí dátà ṣe ń yára tó), nọ́ńbà Modbus (èyí tá a fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀), gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe lórí tábìlì kẹ́ ẹ tó gun òpó, ẹ má tan rédíò láìsí áńtẹ́nà lára ẹ̀. Ẹ so wáyà earth, ẹ̀rù àrá ń bà mí.

Tó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ fi máákà kọ RSSI, ìyẹn bí síginà tí rédíò ń gbà ṣe lágbára tó, ti ọjọ́ yẹn sínú ìlẹ̀kùn àpótí, torí ẹni tó bá wá tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú tó rí -78 dBm, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn àbí àná ló bẹ̀rẹ̀?