Ẹ jẹ́ kí fóònù mi sinmi
Aago mẹ́fà àárọ̀ ni fóònù mi ké, àyà mi já, mo rò pé ilé ni wọ́n ti ń pè láti Ìbàdàn, àṣé àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà ni, pé ẹ fi dọ́là 15 ránṣẹ́ kílẹ̀ tó ṣú. Mo tẹ STOP pé kí wọ́n má kọ̀wé sí mi mọ́, nọ́ńbà míì tún wọlé. Dẹ́mókíráàtì o, Rìpọ́blíkà o, ọ̀kan náà ni wọ́n tó bá di ká tọrọ owó, àmọ́ kí wọ́n jọ fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì, ìjà ni. Ní 2025, torí ìjà bọ́jẹ́ẹ̀tì yìí, ọjọ́ 43 gbáko ni wọ́n fi ti iṣẹ́ ìjọba pa, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní ẹ́apọ́ọ̀tù ń lọ síṣẹ́ láìgbowó, mo rí i tó ń ka owó epo mọ́tò lórí tábìlì, dọ́là kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí wọra, torí owó àwọn aṣòfin fúnra wọn ò dúró rárá.