Gẹ̀ẹ́sì Ọmọ Ọdún Mẹ́ta

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní àdúgbò kan ní Ilé-Ifẹ̀, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ bi mí: "Àǹtí, ṣé Òyìnbó lẹ máa ń bá wọn sọ?" Aláta àti bíríkìlà ló pọ̀ nínú wọn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń san owó ilé-ìwé títí táàmù yóò fi parí.

N kò gbà pé àìmọ̀kan ló ń mú wọn béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àbúrò rẹ̀ yege nínú àwọn iṣẹ́ yòókù nínú ìdánwò WAEC, ṣùgbọ́n tí kò rí yunifásítì wọ̀ nítorí Gẹ̀ẹ́sì, mọ ohun tí ó ń bẹ̀rù. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ tọ́. Ọ̀nà tí a fi ń wá a ni ó ń bà mí nínú jẹ́.

Ìyá ẹlẹ́kọ kan mú ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́ta wá láti ilé-ìwé mìíràn, níbi tí wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bá ọmọ náà sọ Yorùbá mọ́. Nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju "come" àti "sit down" lọ, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni ó kù láàárín ìyá àti ọmọ. Ní ọjọ́ kan mo rí i tí ọmọ náà dì mọ́ ikùn rẹ̀, mo sì bi í ní Yorùbá pé kí ló ń ṣe é. Ẹnu ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ wò, bóyá ẹnìkan ń bọ̀, kí ó tó sọ ọ́ sí mi létí pé inú ń run òun.

Ìlú wa yìí sì ni wọ́n ti dán ọ̀nà mìíràn wò. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọ́dákẹ́kẹ́, tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ yẹn ni àwọn òbí àdúgbò wa kò rí, kì í ṣe wákàtí Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ pa á láṣẹ pé kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025 wọ́n fagi lé e. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bi ìyá ẹlẹ́kọ léèrè nígbà kankan.

Èmi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa bá ọmọ rẹ̀ sọ Yorùbá nílé, kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún mi. Ó lọ́ra púpọ̀. Nígbà tó yá, ó ní àwọn ti jọ ń ka ẹ̀kọ sínú agbọ̀n ní ìdájí, láti oókan dé ogún. Nígbà tí a dé orí "one, two, three" ní kíláàsì, ọmọ náà ti mọ ohun tí a ń kà.