Ìlà àjẹsára ní Bolton, ìdákẹ́jẹ́ ní Kabba

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, mo tò sórí ìlà ní Bolton, níhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà. Òjò ń rọ̀ sí wa lára, ẹnikẹ́ni ò kúrò. Oríṣi àrùn tí wọ́n ń pè ní Delta ń jà lọ́dọ̀ wa ju ọ̀pọ̀ ìlú ibẹ̀ lọ, ìjọba sì gbé ọkọ̀ àjẹsára wọ àdúgbò. Púpọ̀ nínú àwọn tó dèrò ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ náà, àjẹsára ti kàn wọ́n, wọn ò kàn gbà á ni. Ìyẹn ló lé mi jáde nílé.

Lálẹ́, mo pe ìyá mi ní Kabba, ní ìpínlẹ̀ Kogi. Wọ́n ní, "Okun o, ọmọ mi." Mo sọ fún wọn pé mo ti gbà á. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé wọn ò fipá mú ọ?"

Mi ò bá wọn wí. Nígbà tí NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, kéde ní oṣù karùn-ún 2020 pé àrùn náà ti dé Kogi, ìjọba ìpínlẹ̀ kò gbà. Ní oṣù kìíní 2021, Yahaya Bello tó jẹ́ gómìnà wa nígbà náà sọ ní gbangba pé wọ́n ṣe àjẹsára náà láti fi pa èèyàn ni. Oṣù yẹn gan-an ni àbúrò bàbá mi kú ní Mopa. Ikọ́ ni, àti èémí tí kò já geere, fún ọjọ́ mẹ́fà. Wọ́n ní ibà ni. Ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wọ́n wò. Ó ń dùn mí títí di òní.

Òótọ́ ni pé àrùn náà ò pa èèyàn ní Nàìjíríà tó bó ṣe pa wọ́n níbí. Ó lé ní 200,000 tó kú ní Bìrìtìkó. Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ nílé lé díẹ̀ ní 3,000. Àìṣàyẹ̀wò wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀: ìdajì àwọn ará Bìrìtìkó ti lé ní nǹkan bí ogójì ọdún, ìdajì tiwa ò tíì ju bí ogún lọ. Ohun tí mò ń tẹnu mọ́ fún àwọn ará ilé nìyí: ẹ wo abúlé wa o. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Èkó àti Àbújá. Ta ló kù nílé bí kò ṣe àwọn arúgbó?

Irú àwọn arúgbó bẹ́ẹ̀ ni Bìrìtìkó kọ́kọ́ fún ní àjẹsára láti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2020. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 2021 ni àjẹsára àkọ́kọ́ dé Nàìjíríà, bí abẹ́rẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin fún èèyàn tó lé ní igba mílíọ̀nù. Nígbà tó yá, àwọn orílẹ̀-èdè olówó fi èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́ pé ránṣẹ́ sí wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó lé ní mílíọ̀nù kan abẹ́rẹ́ tó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ tí wọ́n dà nù ní Àbújá. Ìyẹn ò dáa rárá.

Ọdún 2022 ni ìyá mi tó gbà á. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló kọ́kọ́ na apá tirẹ̀ lójú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kejì, apá wúwo fún ìyá mi, ọmọ aládùúgbò ló bá wọn gún iyán. Wọ́n wá ní kí n pe ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìsánlú, kí n ṣàlàyé fún wọn. Mo pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà.