Ẹ kọ́ wọn ní àkọsílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ́ wọn ní irinṣẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní OSINT, ìyẹn fífi ohun tó wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ìwádìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ òní lè kógbá wọlé lọ́la. Àkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ yìí dúró lé.

Ohunkóhun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí, kó kọ líǹkì rẹ̀, ọjọ́ àti aago tó rí i ní UTC (aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé), ẹni tó kọ́kọ́ gbé e jáde, ohun tójú rí, àti ohun tóun rò pé ó jẹ́. Méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n máa ń dà pọ̀. Wọ́n á kọ “ọkọ̀ ológun” síbi tó yẹ kí wọ́n kọ “ọkọ̀ ńlá aláwọ̀ ewé, táyà mẹ́fà, kò sí nọ́ńbà lára rẹ̀”. Ẹni tó bá ti kọ “ológun” ò tún ní wá nǹkan míì mọ́. Ẹ dá a padà fún un kó tún un kọ, kódà bí ìdáhùn rẹ̀ bá tọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ni fífi nǹkan pamọ́. Wayback Machine, ìkànnì tó ń tọ́jú ẹ̀dà ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì, kì í sábà gba fídíò orí ìkànnì àjùmọ̀lò dáadáa, nítorí náà kí wọ́n ní ẹ̀dà tiwọn, kí wọ́n sì ṣe SHA-256 rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò látinú fáìlì. Nọ́ńbà yẹn ń fi hàn pé fáìlì ò yí padà látìgbà tó ti dọ́wọ́ wọn. Kò sọ pé òótọ́ ni fídíò náà.

Òjìji, tí wọ́n fi ń wá aago tí wọ́n ya àwòrán, ni kẹ́ ẹ lo àkókò lé lórí jù. Ká ní òpó iná kan ga ní mítà mẹ́fà nínú àwòrán, tí òjìji rẹ̀ náà gùn ní mítà mẹ́fà: oòrùn wà ní dígírì 45 nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ á sáré ṣí SunCalc, ìkànnì tó ń fi ibi tí oòrùn wà ní aago kọ̀ọ̀kan hàn, á mú aago kan, á ní ó parí. Kò tíì parí o. Oòrùn ń gba dígírì 45 kọjá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nígbà tó ń gòkè àti nígbà tó ń sọ̀. Àfi kó mọ ibi tí òjìji kọjú sí: ìhà ìwọ̀-oòrùn láàárọ̀, ìhà ìlà-oòrùn lọ́sàn-án. Kò sì lè mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ rí ibi tí wọ́n ti ya àwòrán náà gan-an. Bí ilẹ̀ bá tún da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìwọ̀n òjìji ti yẹ̀.

Òjìji nìkan ò sì lè sọ ọjọ́. Oòrùn 20 oṣù kẹrin àti ti 22 oṣù kẹjọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwòrán Sentinel-2, sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ilẹ̀ látòkè, lè yà wọ́n sọ́tọ̀ tí ìkùukùu ò bá bo ilẹ̀, ṣùgbọ́n mítà mẹ́wàá ni fífẹ̀ ilẹ̀ tó wà nínú tóótó (pixel) kan ṣoṣo nínú rẹ̀: ilé ńlá tó jóná á hàn, mọ́tò ò ní hàn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún wọn ní máàkì, ẹ gbé iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan fún ẹgbẹ́ kejì kí wọ́n bì í ṣubú. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí i pé ojúewé mẹ́wàá tó da ìròyìn kan náà kọ, ẹ̀rí kan ṣoṣo ni.

Kò sí ṣíṣèwádìí ọmọ kíláàsì ẹni, kò sí fífi orúkọ èké tọrọ ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Berkeley Protocol ti 2020, ìwé ìtọ́sọ́nà fún irú ìwádìí yìí, ni kí wọ́n kà lórí ìlànà. Tí fídíò bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó ṣí i, kí ẹni tí kò bá fẹ́ wò ó gba iṣẹ́ míì. Kí àwọn yòókù pa ohùn rẹ̀, kí wọ́n sì dín fèrèsé rẹ̀ kù. Igbe inú fídíò ló máa ń bá èèyàn délé jù.